Ilé-Ìwé Kan Tó Kù: Ìtàn Iṣẹ́ Sinimá Mi

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ló pè mí pé kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde ilé-ìwé, ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀ kò sì tíì yé wọn. Mo dìde níwájú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí iná mànàmáná fi lọ. Ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ mi lẹ́nu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọ́ọ̀ṣì nínú báàgì mi bí ẹni tí olè ká mọ́lé. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí mo délé, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lè kà á.

Sinimá ni mo fi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe sinimá ìfẹ́, kì í ṣe ti àjẹ́ àti orogún. Sinimá ilé-ìwé ni: èyí tó ń fi han ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara, bí ẹ̀fọn ṣe ń yé sínú omi agolo, ibi tí òjò ti ń wá, ohun tí kóòtù wà fún, ìdí tí a fi ń dìbò. A ó di ẹ̀rọ, aṣọ funfun àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, a ó gba Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti Ìgbàrà-Odò lọ, títí dé àwọn abà tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn àfi àwọn tó ń gbé ibẹ̀. A ó fi aṣọ dí fèrèsé kíláàsì, a ó tan ẹ̀rọ, ọmọ tí kò rí òkun rí yóò sì rí òkun. Bó ṣe dùn létí nìyẹn. Ohun tí etí kì í gbọ́ ni ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, bàbá mi tó jẹ́ tísà gbọ́ pé ẹ̀ka sinimá ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń wá èèyàn ní Àkúrẹ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Àkúrẹ́. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ tó jẹun, kò tó fi ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Ọmọ́túnwàsé, ọmọ Ìgbàrà-Odò, èèyàn gíga tínrín tí kì í gbóhùn sókè, síbẹ̀ tí a ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ẹni tó ń pariwo lọ. Áńkáṣíìfù funfun kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Kì í fi nu òógùn. Dígí ẹ̀rọ ló ń fi nù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí n máa gbálẹ̀, kí n máa nu eruku, nítorí eruku tí ojú ò rí nínú yàrá, bó bá bọ́ sójú dígí, òkúta ni lójú aṣọ sinimá.

Nígbà tó yá, ó mú mi wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, ó fi fíìmù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi í sínú ẹ̀rọ láìtan iná. Fíìmù ayé ìgbà náà gùn bí okùn, ó ní ihò wínníwínní létí, eyín ẹ̀rọ ló sì gbọ́dọ̀ há sínú àwọn ihò yẹn. Bí ọ̀kan bá fò, ó di kí fíìmù ya.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí a ò lè tan iná?"

Ó ní, "Mojí, ọjọ́ tí fíìmù bá já nínú òkùnkùn, tí kíláàsì kún fún ọmọ, ta ni yóò bá ọ tan iná?"

Mo ṣe é títí ìka mi fi bó. Mo sunkún lórí ẹ̀rọ náà ju bí mo ṣe sunkún nílé ọkọ lọ. Nígbà tí ìka mi wá mọ ọ̀nà, tí mo rò pé ó kù kó yìn mí, ó bá mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo dúró tì í, mo ń gbádùn àwòrán. Ó sún mọ́ mi létí.

"Kí lo ń wò?"

"Sinimá ni, Ọ̀gá."

"Ta ló ní kí o wo sinimá? Ojú àwọn ọmọ ni kí o máa wò. Aṣọ funfun yẹn kò lè ṣì í gbọ́. Ọmọ ló lè ṣì í gbọ́, kó gbé e lọ sílé, kó fi pa ara rẹ̀ lára."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹni tí kì í gbádùn sinimá mọ́. Ojú àwọn ọmọ ni mo ń wò, mo ń wá ibi tí ewu yóò ti yọ.

Ewu sì ń yọ. Gílóòbù ẹ̀rọ yẹn gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí fíìmù bá dúró sójú kan, á jóná. Ní Ìgbàrà-Odò, ìlú ọ̀gá mi gan-an, a ń fi ẹ̀fọn han àwọn ọmọ, ẹ̀fọn ńlá tó kún ojú aṣọ, nígbà tí fíìmù há. Àárín ẹ̀fọn náà pọ́n, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo inú agbada. Àwọn ọmọ hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀fọn ti kú! Ẹ̀fọn ti kú!" Olùkọ́ àgbà náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ, ó gé ibi tó jóná kúrò, ó ní kí n lẹ fíìmù náà pọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́, ó fi èékánná yẹ ojú ibẹ̀ wò, ó ya á. Mo tún lẹ̀ ẹ́, ó tún ya á. Ìgbà tí èékánná rẹ̀ ò rí ibi tó há sí mọ́ ló tó dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Lónìí, fíìmù ló jóná. Iná ò mọ ìyàtọ̀ láàárín fíìmù àti aṣọ ọmọ."

Bíbélì ní ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbẹ̀rù gílóòbù ló ṣìkejì.

Kí ẹ má baà rò pé ìyà nìkan ni mo jẹ: ọkùnrin yìí kan náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń ya sinimá tiwa. Àwọn èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ń fi yìnyín àti oko àlìkámà han ọmọ abà kòkó. Ó ní ìtìjú ni kí ọmọ àgbẹ̀ kòkó mọ òdòdó òyìnbó, kó má mọ òdòdó kòkó. A lọ sí oko kan ní Ìlúmọba, ó dùbúlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ lábẹ́ igi kòkó, ó gbé kámẹ́rà sí ara igi níbi tí òdòdó wínníwínní náà ti ń yọ, ó ń dúró de kòkòrò kékeré kan tó máa ń wọ inú rẹ̀ láàárọ̀. Èèrà ń jẹ ẹ́, kò mira. Nígbà tí a fi sinimá náà hàn ní Ìjàn, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tó tẹ̀lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá dìde láàárín àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi! Kòkòrò tí mo ń fi oògùn lé ló ń bá mi ṣuṣẹ́ oko!" Mo rí ọ̀gá mi tó fi áńkáṣíìfù nu ojú. Mi ò rí i kó fi nu ohun mìíràn yàtọ̀ sí dígí rí, àfi ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, wọ́n kó wa wá sí Adó. Ọ̀gá mi fẹ̀yìntì, ó padà sí Ìgbàrà-Odò, ibẹ̀ ló sì kú sí. Èmi ni wọ́n fi ipò rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ńlá tó wúwo bí òkú ewúrẹ́ di ohun tí a gbé sí kọ̀rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bí dígí. Ẹ̀rọ tuntun kì í jó fíìmù. Ṣùgbọ́n bí èékánná bá ha àwo yẹn báyìí, àwòrán á dúró, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á là sílẹ̀ gbàgà, kò ní pa dé mọ́. Ìbẹ̀rù mi kò kúrò, ó kàn pààrọ̀ ilé ni.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti òkè ni mo dé yìí.

Ìròyìn gba ayé kan pé òṣùpá yóò gba iwájú oòrùn kọjá lójú ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí. Àwọn kan ní òpin ayé ni. Àwọn kan ń ra àbẹ́là pamọ́. Ní ẹ̀ka wa, ohun tí a bẹ̀rù ni ojú àwọn ọmọ. Dókítà olójú kan wá ṣàlàyé fún wa pé bí òṣùpá bá ti bo oòrùn díẹ̀, oòrùn á ṣeé wò, kò ní ta ojú bó ṣe máa ń ta á, bẹ́ẹ̀ ìdajì tó kù yẹn tó láti jó ẹ̀yìn ojú. Mo bi í pé ṣé ọmọ náà kò ní kígbe bó bá ń jó o.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀yìn ojú kì í dunni. Ó máa jó, ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jẹun dáadáa títí ọjọ́ náà fi dé.

A ya sinimá kékeré kan kíákíá. Mo fi fìtílà ṣe oòrùn, mo fi ọsàn ṣe ayé, mo fi àgbálùmọ̀ kékeré ṣe òṣùpá. Mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ẹ má fi ojú lásán wò ó, ẹ má fi dígí dúdú wò ó, ẹ má wò ó nínú omi abọ́. Èmi àti awakọ̀ wa, Bàbá Tóyìn, ọmọ Ìsẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri. Ìkẹ́rẹ́, a ṣe é tán. Ìsẹ̀, a ṣe é tán. Èmùré náà tán. Ó wá ku ilé-ìwé kan ṣoṣo, ní abà kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọ̀pẹ, lẹ́yìn Èmùré, nínú igbó kòkó.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni a kọrí síbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ sí ọ̀nà amọ̀ náà. Ọkọ̀ wa rì, a tì í, ó jáde. Ó tún rì, nígbà tí Bàbá Tóyìn sì fi ipá wà á, nǹkan kan ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ gbàá. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé rù. A fi ọkọ̀ sílẹ̀, a rìn padà sí Èmùré.

Láàárọ̀, Bàbá Tóyìn rí i pé mo ń so ìró mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ lọ sóko.

Ó ní, "Ìyá Dáre, níbo?"

"Òkè-Ọ̀pẹ."

"Láìsí sinimá? Ẹ gbàgbé ibẹ̀ jàre. Ilé-ìwé kan péré ló kù. Wọ́n á ti gbọ́ lórí rédíò."

"Bí wọn ò bá gbọ́ ńkọ́?"

Kò sí fóònù tó ń wọ abà yẹn nígbà náà. Mo bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Lónìí tí wọ́n ní oòrùn fẹ́ kú? Màmá, mi ò lọ." Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti gbé mi dé etí odò. Níbẹ̀ ló ti yí padà, èmi sì bọ́ bàtà mi, mo la omi kọjá.

Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀. Mo ń dúpẹ́. Mo ń gbàdúrà bí mo ṣe ń rìn pé kí awọsánmà náà nípọn sí i, kí ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá títí gbogbo rẹ̀ yóò fi kọjá. Àdúrà mi kò gbà. Awọsánmà náà fẹ́lẹ́ bí aṣọ àwọ̀n, ó wá di ohun tí ọmọ lè wo oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá láìfọwọ́ bojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí ewé kòkó ti ń yí padà, ó pàwọ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá fa owú àtùpà wálẹ̀. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń wí pé, "Olúwa, jọ̀ọ́. Olúwa, jọ̀ọ́."

Ilé-ìwé náà kò ju kíláàsì gígùn kan lọ, òrùlé páànù tó ti gbó, olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tísà Ògúndélé, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tó ń gbé inú ọgbà náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo yọ, gbogbo ọmọ wà ní ìta. Wọ́n ti to abọ́ omi sílẹ̀, wọ́n yí wọn ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn. Tísà ń sọ fún wọn pé, "Inú omi nìkan o! Ẹ má gbójú sókè!"

Ó ń sa ipá rẹ̀. Rédíò rẹ̀ ti kú. Ẹnìkan ló sọ fún un lọ́jà pé bí a bá wò ó nínú omi, kò léwu. Mi ò lè kí i. Èémí mi ti tán.

Mo ní, "Tísà, ẹ dà á nù! Omi náà ń jó ojú! Ẹ kó wọn wọlé!"

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, obìnrin tí omi rin dé orúnkún, ẹsẹ̀ lásán, tí kò mọ̀ rí. Kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Ó yí padà, ó kígbe: "Ẹ wọlé! Gbogbo yín! Ojú sí ulẹ̀!" Ìyàwó rẹ̀ ń ta abọ́ omi nù bó ṣe ń lé wọn. A ti ilẹ̀kùn, a pa fèrèsé dé. Inú ilé ṣú. Àwọn ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ayé ti parẹ́. Àwọn àgbà inú wọn ń rọ́ síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ jáde lọ wò ó. Èmi náà dúró tì í, mo gbé ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní ẹ̀rọ, mi ò ní iná, mi ò ní àwòrán. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe pẹ̀lú wọn.

Tísà ló rí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ulẹ̀."

Òrùlé páànù yẹn kún fún ihò ìṣó. Ojoojúmọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gba àwọn ihò náà wọlé, tó ń ṣe róbótó róbótó sórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan tó rí róbótó nínú wọn. Gbogbo wọn ló ti di bí àkàrà tí ẹnìkan gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn kéékèèké ló kún ilẹ̀ kíláàsì, òṣùpá sì ti bu gbogbo wọn jẹ.

Ìyàwó Tísà sá lọ mú aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun wá. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a ní kí àwọn ọmọ yí i ká, kí wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sínú sinimá wa: oòrùn nìyí, òṣùpá ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkan jà, yóò kọjá. Ibi tí wọ́n gé jẹ náà ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú wọn. Ó wá ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná. Ariwo tán pátápátá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni oòrùn kéékèèké náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà. Ọmọ kan pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé sinimá kiri, mi ò rí àwòrán tó tún dára tó bẹ́ẹ̀.

Àwòrán náà ń kún lọ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin kan ni, Ìbùkún ni orúkọ rẹ̀, ọmọ kíláàsì karùn-ún. Bàbá rẹ̀ ti rán an láàárọ̀ pé kí ó gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń bá wọn ṣán oko. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe wọlé.

Ó ní, "Tísà, mo rí i! Mo rí i ju gbogbo wọn lọ!"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di èjìká rẹ̀ mú. "Báwo lo ṣe wò ó?"

"Mo dúró lórí òkìtì, mo wò ó. Awọsánmà bò ó díẹ̀, mà. Kò ta mí lójú rárá. Mo wò ó títí."

Ẹ̀rín yẹn ni mo rántí. Ohun tí dókítà sọ bọ́ sí mi lára bí omi tútù. Mo ní kí ó ka ohun tó wà lára pátákó, ó kà á. Mo ní bóyá Ọlọ́run ti yọ wá. Mi ò lè kúrò níbẹ̀. Mo ń wo ọmọ náà bó ṣe ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ń ka ojú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé tí kò mọ èdè rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé, ó wá bá mi fúnra rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mà, nǹkan dúdú kan wà láàárín."

"Láàárín kí ni?"

"Láàárín ohunkóhun tí mo bá wò. Bí mo bá wo yín báyìí, ó wà lójú yín. Mo nù ún, kò lọ."

Bàbá rẹ̀ dé láti oko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún un lọ́nà pé obìnrin kan wá láti Adó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oòrùn, àti pé ojú ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ó ní, "Ṣé sinimá yín ló fọ́ ọmọ mi lójú?"

Tísà fẹ́ dá sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n dáhùn.

Mo ní, "Bàbá, sinimá wa kò dé ibí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ó wo ojú mi títí. Ó sọ àdá sílẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá náà mú un lọ sílé ìwòsàn ní Adó. Dókítà fi iná wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ó ní kò sí oògùn tí a lè kán sí i. Àsìkò nìkan ló lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é. Ẹ bi mí wò bóyá ìrora kan wà tó dà bíi kí èèyàn máa dúró de ojú ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá gbé mi dé Èmùré ni mo ń wọ abà yẹn, mà á fi káàdì tí mo kọ lẹ́tà sí dán an wò. Ojú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ó mọ́ dé ibi tó dára. Ọ̀tún kò mọ́ mọ́. Àwọn ọmọ tó wo inú abọ́ omi, ojú wọn kò ṣe nǹkan kan, Ọlọ́run ni mo fi ọpẹ́ fún. Ìbùkún nìkan ni.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọkọ mi ló ní, "Bí o bá jókòó sílé, ṣé àyà rẹ yóò sinmi?" Mo mọ̀ pé kò ní sinmi. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ayé tún yí. Fóònù dé. Ohun tí a máa ń fi ọkọ̀ gbé kiri ti wọ inú àpò ọmọ: ọkàn èèyàn tó ń lù, òkè tó ń yọ iná, ohunkóhun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó yẹ kí n yọ̀. Mo yọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ àdúgbò mi kan tó ń wo fídíò kan lórí fóònù, èyí tó ní kí wọ́n da nǹkan méjì pọ̀ sínú ìgò, kó hó kó sì bú. Ó dánìkan wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wo ojú òun náà bó ṣe ń wò ó. Mo gba fóònù náà, ìyá rẹ̀ bínú sí mi. Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mà á ní kí ẹ ṣe é. Ẹ̀rọ rẹ̀ rọrùn sí i báyìí ju ti ìgbà wa lọ. Ẹni tó bá lè sùn fọnfọn lẹ́yìn tó bá ti fi nǹkan han ọmọ ọlọ́mọ ni kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Kí n tó fẹ̀yìntì, wọ́n ní kí n ya sinimá kan nípa ojú. Mo lọ bá Ìbùkún. Ó ti di ìyàwó ilé ní Èmùré, ó ń ránṣọ, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan. Mo bẹ̀rù láti béèrè, mo yí ọ̀rọ̀ po títí òun fi ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn?"

Fóònù ni mo fi yà á, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kò dùn mí rárá lọ́jọ́ náà. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó: bí mo bá fi ọwọ́ bo ojú òsì mi báyìí, mo rí etí ọmọ mi, mo rí irun rẹ̀. Imú rẹ̀ ò sí. Ẹnu rẹ̀ ò sí. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀." Ọmọ náà gbọ́, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kékeré sókè, ó fi kan ẹnu ara rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwòrán náà mì díẹ̀ níbẹ̀. Mi ò gé e kúrò.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé e lọ fún un kí ó wò ó kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó wò ó dópin. Mo ń wo ojú rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé kí n gbé e jáde?"

Ó ní, "Ó dára, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́kọ́ fi hàn ní Adó. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí ọ̀nà ò dára."

Òkè-Ọ̀pẹ la kọ́kọ́ gbé e lọ.